Góòlù Nìkan Ni Wọ́n Ń Kà

Mo ti pẹ́ jù lẹ́yìn odi. Ẹ̀gbọ́n mi ò dá mi mọ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ tan rédíò, ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan kan á jí níbẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ka ìṣirò àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́: "Ká sọ ti góòlù àforíkàn, kò sẹ́ni tó bá Orí-Irin dọ́gba!"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé orí ni àbí òòlù?"

"Góòlù nìkan ni wọ́n ń kà," ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ta ló ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù lu orí yẹn?"

"Nọ́ọ̀sì," ẹ̀gbọ́n bi ìyàwó rẹ̀, "ṣé ọkùnrin yẹn níyàwó?"

"Ó ní."

"Ẹ sọ fún un kó tọ́jú orí yẹn o."

Ìyàwó rẹ̀ pa rédíò, ó gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Mò ń tọ́jú ẹ̀, ọkọ mi."