Ẹ̀wù Tó Ń Ki Mọ́rádékẹ́

Bí Mọ́rádékẹ́ ṣe ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n báyìí, ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ké jáde, ó ń kì í, bí ẹ̀wù gbogbo agbábọ́ọ̀lù líìgì alájùsáwọ̀n tuntun náà ṣe máa ń ṣe: "Ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn! Ọmọ a-gẹṣin-wọ̀lú!"

Ìgbà kẹsàn-án nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá àgbà rẹ̀, tí kò ríran dáadáa mọ́, ń pàtẹ́wọ́ ní ìlà iwájú.

"Ọmọ ológun yìí mà dáńtọ́ o!" ó wí fún ẹni tó jókòó tì í. "Ṣùgbọ́n tèmi ni mò ń retí. Amọ̀kòkò ni wá. Bí ẹ̀wù bá ti dárúkọ ìkòkò, ẹ ó rí ijó!"

Mọ́rádékẹ́ gbọ́ ọ látorí pápá; ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba oríkì sínú ẹ̀wù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ara wọn lọ́mọ erin, ọmọ ẹkùn. Ó rò pé wọn yóò fi ìkòkò ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá yá oríkì ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò.

Nígbà tí eré parí, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà.

"Má banú jẹ́, Àjíkẹ́ mi. Mo tẹ́tí títí, n ò gbọ́ tiwa. Ẹni tí kò rí i jù wọlé lónìí, yóò jù ú wọlé lọ́la."

Mọ́rádékẹ́ kò jẹ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá."

Ìyá fọwọ́ pa á lórí, ó sì ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kì í fúnra rẹ̀, kó má baà lọ sílé láìgbọ́ tirẹ̀: "Ọmọ a-fi-amọ̀-dárà, ọmọ a-mọ-ìkòkò-fọ́ba..."

Mọ́rádékẹ́ bojú mọ́ itan ìyá àgbà.