Ìbọn Ìléwọ́ àti Fáìlì Aláwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Ọmọ ọdún méje ni Aasiyah. Jídà ni wọ́n bí i sí, èdè Lárúbáwá ló sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tó tẹjú mọ́ irin dúdú kan tí bàbá rẹ̀ ń nù.

"Bàbá, Abla Hanan, olùkọ́ kíláàsì wa, sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ẹyẹlé pàápàá ní Mẹ́kà. Kí lẹ wá fẹ́ fi ìyẹn pa?"

Jamaldeen, bàbá rẹ̀, wo Kamilah, ìyàwó rẹ̀. Kamilah wo àwo ìrẹsì.

"Jẹ oúnjẹ rẹ," ni Jamaldeen wí níkẹyìn.

Ìbọn ìléwọ́ ni irin náà. Jamaldeen fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, nínú yàrá ẹ̀yìn.

2.

Ẹ má rò pé jàǹdùkú ni Jamaldeen o. Ẹnjiníà ni, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń tún ṣe, ó ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, ó sì pé pérépéré. Agboolé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí i nílé. Àjàmú, bàbá bàbá rẹ̀, ló ń rọ ṣakabùlà fún àwọn ọdẹ. Ọwọ́ Jamaldeen ń yún un. Ó fẹ́ ṣe ìbọn kan tí kò ní sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó fi igi tó dán ṣe èèkù rẹ̀, kó fín orúkọ Àjàmú sí i lára.

"Bàbá Aasiyah, ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?" Kamilah bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa fáìlì aláwọ̀ ewé kan yọ. "Ìyá Aasiyah, ṣé ẹ rò pé ọmọdé ni mí? Ojú ewé mẹ́rìnlélógójì rèé, mo ti kà á tán. Ẹni tó bá ṣe é fún ara rẹ̀, tí kò tà á, kò rú òfin kankan."

Lóòótọ́ ló kà á. Ó tilẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ najú. Níbẹ̀ pàápàá, ohun tí ìpínlẹ̀ kan gbà, òmíràn kò gbà á. Kamilah rí bí ìwé náà ṣe nípọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Kò ṣí i wò.

3.

Àlàájì Ìdírísì ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe ní Misfalah, ní Mẹ́kà. Ará ilé wọn láti Nàìjíríà ni. Jamaldeen pè é lórí fóònù.

"Àlàájì, a ń bọ̀ wá ṣe Úmúrà ní Àlàmísì. Mo ní irin kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú dán."

"Irin kí ni?"

Ó sọ fún un.

"Àúsùbílàhì! Jamaldeen, ṣé orí rẹ pé? Ogún ọdún ni mo ti wà níbí láìní ìkámà. Tí mo bá rí ọlọ́pàá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mò ń tọ̀. Èmi aláìníwèé ń bẹ̀rù òfin, ìwọ oníwèé ń fi í ṣeré!"

"Ìbọn kọ́ o, Àlàájì. Kò tíì parí. Ẹ̀yà rẹ̀ lásán ni."

"Tí wọ́n bá ká orí ewúrẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣé wàá ní ewúrẹ́ kọ́? Má gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Wá lọ́yà ilẹ̀ yìí lọ, lónìí yìí."

Jamaldeen gbé fóònù sílẹ̀. "Ogbó ti sọ Àlàájì di ojo." Ó sì gbé irin náà sínú àpótí irinṣẹ́, ó ní bí àwọn bá fojú kojú, Àlàájì yóò yí ọkàn padà.

Kamilah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó lọ di ẹrù Úmúrà.

4.

Ní Àlàmísì, Jamaldeen ró hárámì funfun, aṣọ Úmúrà, òun, Kamilah àti Aasiyah sì wọ ọkọ̀. Ní ibi àyẹ̀wò tó wà lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ọlọ́pàá ní kó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ṣí i. Wọ́n ṣí àpótí irinṣẹ́.

Ẹ̀rù kò ba Jamaldeen. Ó na fáìlì rẹ̀ sí wọn.

Ọlọ́pàá náà yẹ ojú ewé méjì wò. "Ẹnjiníà, òfin ilẹ̀ wo nìyí?"

Jamaldeen nawọ́ láti gba fáìlì náà padà. Ọ̀gá wọn dé, ó wo irin, ó wo aṣọ funfun.

"Pẹ̀lú hárámì lọ́rùn rẹ? Kí lo fẹ́ fi eléyìí pa?"

Ohùn kékeré kan jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ dá a lóhùn."

5.

Fáìlì tó fọkàn tán ni wọ́n fi mú un. Gbogbo ìlà tó fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ fi hàn pé kò ṣèèṣì: ó mọ ohun tó ń ṣe. Iṣẹ́ lọ. Abẹ́ ìkámà rẹ̀ sì ni ti ìyàwó àti ti ọmọ wà. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Jamaldeen yóò dúró de ìdájọ́ nínú àtìmọ́lé.

Lọ́yà tí Kamilah tọ̀ lọ mi orí títí. "Màdáàmù, kí ló dé tí ẹ kò bi mí léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, lẹ́yìn Àsùbá, Aasiyah sùn lọ lórí àpò ẹrù. Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Kamilah ní òun yóò lajú de ìpè ọkọ òun. Kò pẹ́, orí rẹ̀ fara ti ògiri. Oorun gbé òun náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ̀yin tójú yín là, ẹ gbọ́: kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun ìjà, tàbí ẹ̀yà rẹ̀ kékeré, ẹ béèrè òfin ilẹ̀ tí ẹ̀ ń gbé gan-an, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Bí kò bá sí àṣẹ, ẹ má ṣe é. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ ṣí fáìlì wò. Bí ọmọ yín bá sì bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.