Àǹtí Kóòdù àti Etí Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin tí inú ń bí sí ọmọ ìyá yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lágbede méjì.

1.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àǹtí Kóòdù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ orin. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó sí yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, wọ́n ń ṣe géèmù orin fún ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú. Bí orin bá ṣe ń lọ, wàá máa tẹ bọ́tìnnì tẹ̀ lé e. Bí ìka rẹ bá pẹ́ díẹ̀, o ti pàdánù.

2.
Ìwé ìròyìn kan wá fọ̀rọ̀ wá àbúrò lẹ́nu wò. Ó ní, "Èmi nìkan ni mo ṣe géèmù náà."

Àǹtí Kóòdù kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìwọ nìkan?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Orin làwọn èèyàn ń gbọ́. Ta ló ń rí kóòdù?"

Àǹtí Kóòdù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bẹ̀rù irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀! Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà kan ṣoṣo pa mọ́ sáàárín kóòdù: lórí ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀ nìkan, kí bọ́tìnnì máa pẹ́ díẹ̀.

3.
Gbogbo àwọn tí wọ́n fún ní géèmù náà dán wò ló ń gbá a, ó ń dùn mọ́ wọn. Àbúrò nìkan ni kò lè bá orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣé bọ́tìnnì yìí kì í pẹ́ ni?"

"Rárá o. Bóyá etí ẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu Àǹtí Kóòdù bí oyin. Nígbà tó di ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé géèmù náà jáde pè wọ́n, àbúrò mú ẹ̀rọ tirẹ̀ dání. Ó gbá a níwájú wọn. Kò bá orin náà mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó. "Ṣé ìwọ lo kọ orin yìí lóòótọ́?"

Àǹtí Kóòdù tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀, kí ẹ̀rín má baà bọ́ síta. Ilé-iṣẹ́ náà ò gba géèmù náà lọ́wọ́ wọn.

4.
Àbúrò gbà pé etí òun ti ń kú. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kò gbà á gbọ́. Ó fi jìtá rẹ̀ tọrẹ, ó lọ ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Àǹtí Kóòdù rí i. Ó ní lọ́la lòun máa sọ. Ọ̀la di oṣù mẹ́jọ.

Ó wá fẹ́ dá parí géèmù náà lórúkọ ara rẹ̀, ó sì gba akọkóòdù mìíràn kún ara. Ìyẹn rí ìlà náà, tòun ti orúkọ àbúrò nínú rẹ̀, ó rò pé àṣìṣe ni, ó bá pe àbúrò: "Bùọ̀dá, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀rọ tiyín nìkan ló ń pẹ́?"

Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn àbúrò nígbà tó wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ wò mí níran títí mo fi gbà pé mo ti ń di adití."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ pa orúkọ mi rẹ́!"

"Mo pa á rẹ́. Mi ò jiyàn. Orúkọ ṣeé kọ padà. Ẹ̀gbọ́n mi, orin ò wá sí mi lọ́kàn mọ́."

Ó kó gbogbo orin rẹ̀ kúrò nínú géèmù náà, ó lọ. Kò gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ títí dòní. Géèmù ọdún mẹ́ta ń tan iná lójú ẹ̀rọ, kò dún pínkín.

Mo kìlọ̀ fún yín o. Ẹni tó bá rẹ́ yín jẹ, ẹ pè é, ẹ bá a jà lójú gbogbo ayé, ẹ gba ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ̀san níkọ̀kọ̀ lára ẹni tó ṣì ń fọkàn tán yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀san náà dúró, ó lè ti pa ohun tí ẹ ò ní lè jí dìde.