Ìbúra Ẹnu Gáréèjì

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń jẹun, kó gbé ṣíbí sílẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu gáréèjì Uncle Olúyọmí ní Richmond Hill, ní Canada, fláàsì tíì lọ́wọ́ rẹ̀, òtútù ń gé e létí. Àwọn ìbọn àtijọ́ tí Uncle ń kó jọ ló tò sórí tábìlì níta fún títà.

"Ìbọn kékeré tí kò wọ́n ni mo ń wá, sà."

"Láísẹ́ǹsì ńkọ́?"

"Ó wà ńbí."

"Ó dáa. Gba point twenty-two yìí. Ọta rẹ̀ ò wọ́n, kò sì ní gbá ẹ léjìká."

Nọ́ọ̀sì yí ìdí ìbọn náà wò. Àwòrán igi ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀bẹ gbẹ́ síbẹ̀ ṣì wà. Uncle yìí ló yá a lọ́wọ́ bàbá, tó ní olè ti jí i. Bàbá ń bèèrè rẹ̀ títí ó fi kú.

"Ibo lẹ ti rí i, sà?"

"Auction ni mo ti rà á."

"Ọdẹ ló bí mi, sà. Ẹ fi ahọ́n kan irin rẹ̀, kẹ́ ẹ búra."

Uncle rẹ́rìn-ín. "Èmi díákónì? Irin wo ló fẹ́ mú mi ní Canada?"

Ló bá lá irin náà. Òtútù ti mú irin yẹn kọjá ààlà. Itọ́ dì di yìnyín lójú ẹsẹ̀, ahọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kò kúrò mọ́. Uncle ń kùn, ó ń nawọ́ sí fláàsì.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló máa tú u sílẹ̀. Ó ṣí fláàsì, ó sì rọra mu tíì rẹ̀ tán.