Àmì Dúdú Lókè Ẹnu

Ọkọ gbá báàgì ìyàwó rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà.

Òógùn bò ó nínú yàrá tó tutù nini.

Dókítà obìnrin kan tó ti hewú tan iná sí òkè inú ẹnu ìyàwó, ó tún wo èsì àyẹ̀wò.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú àmì dúdú tó máa ń yọ sára ni, àmọ́ ẹnu yín ló wù ú láti gbé. Láti ogún ọdún, ẹnu kan péré ni mo ti rí i rí."

Ìyàwó mí kanlẹ̀.

Ọkọ fi báàgì nu òógùn ojú.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọdún méjì, mà."

"Ọdún méjì! Ẹ ò fi han ẹnì kankan?"

"Mo fi han dókítà eyín kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ẹnu tí òun ti wò láti àárọ̀ ti tó òun, kí n jẹ́ kí òun jẹun."

"Jẹun kẹ̀? Níwájú aláìsàn? Òpònú wo nìyẹn! Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni ńkọ́? Ibo ló wà? Mo máa kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn!"

Ìyàwó wolẹ̀. "Ó ti kú, mà."

"Háà. Kí Ọlọ́run dárí jì í."

Ọkọ dìde. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ẹ kọ ìwé yẹn, mà. Èmi gan-an ni òkú náà."