Ojú-Mi-Tó àti Ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́rìí

Ìgbéraga ọkùnrin yìí kì í ṣe ti aṣọ, kì í sì í ṣe ti owó. Ti ojú rẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ojú mi tó o." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ojú-Mi-Tó nìyẹn ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i, àfi bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara ọmọ ènìyàn tó ń bá wa lo ṣúgà inú wàrà. Ọmọ tí a bí láìní in, ọmú ìyá rẹ̀ gan-an ni májèlé rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ẹ́ńsáìmù náà wà lára ọmọ, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́ oníhò kéékèèké, wọ́n á wá fi omi kan tí wọ́n ń pè ní àǹtíbọ́dì sí i. Ẹ́ńsáìmù yẹn nìkan ló yẹ kí àǹtíbọ́dì yìí dá mọ̀, kó sì lẹ̀ mọ́. Bó bá rí i, inú ihò náà á di búlúù. Bí kò bá rí i, kò ní sí àwọ̀ kankan.

Àmọ́ àǹtíbọ́dì burúkú wà, tó ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo, bí ọmọdé tó ń pe gbogbo ọkùnrin ní bàbá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òfin kan: ẹni tó bá ṣí ìgò tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ní ẹ́ńsáìmù náà, èkejì ti ẹni tí gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní. Bí ti ẹni tí kò ní bá di búlúù, òpùrọ́ ni ìgò yẹn, kí wọ́n dà á nù.

Àbúrò Ojú-Mi-Tó obìnrin ti sunkún ọmọ títí kó tó rí ọ̀kan bí. Kò pẹ́ tí ó bí i tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Dókítà ní kó dá ọmú dúró, kó máa fún un ní wàrà sóyà títí èsì àyẹ̀wò yóò fi dé. Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sunkún ọmú, ìyá rẹ̀ náà á máa sunkún. Ló bá tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣeré."

"Ta ló máa fi í ṣeré? Ṣé mi ò sí láyé ni? Kílẹ̀ tó ṣú, wàá gbọ́ èsì."

Ìgò àtijọ́ ti tán, ó sì ṣí tuntun. Obìnrin tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan náà rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgò tuntun nìyẹn o. Ẹ ò tíì gbé àwọn ẹlẹ́rìí jáde."

"Wọ́n ti dì gbagidi nínú fíríìjì. Kí wọ́n tó yọ́, ilẹ̀ á ti ṣú."

"Ọmọ àbúrò yín mà ni."

"Ìdí tí mo fi ń yára gan-an nìyẹn. Ojú mi tó o."

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ihò tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà di búlúù, ọkùnrin yìí sì fò sókè. Ó fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. "Fún un lọ́mú! Ó ní in, ó ní in dáadáa!" Obìnrin náà ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó ti ń tú bọ́tìnì àyà rẹ̀.

Ọmọ mu ọmú, ó sùn. Nígbà tó yá, èébì padà dé, ojú tún pọ́n, ikùn wú.

"Bọ̀dá, ó tún ń bì o."

"Ọmọ wo ni kì í bì? Máa fún un, kó lè lágbára."

Háà! Ẹ ò rí nǹkan bí? Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé wọ́ọ̀dù, dókítà ò lè fara mọ́ èsì yẹn mọ́, ó ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò, obìnrin tí kì í pariwo, ló gbé àwọn ẹlẹ́rìí jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní di búlúù. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní di búlúù. Ó kán omi lásán sínú ihò kan, òun náà di búlúù. Ó pe Ojú-Mi-Tó.

"Wá wò ó. Ṣé ojú rẹ tó báyìí?"

Ọkùnrin náà sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí wọ́ọ̀dù, ó ń kígbe pé, "Gba ọmú lẹ́nu rẹ̀! Gbà á!" Nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ bo ọmọ náà lójú.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí yàrá àyẹ̀wò tó tún gbà á. Ó fara mọ́ ìyẹn. Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò rẹ̀, kó ṣáà bá a sọ̀rọ̀. Iwájú bùláòsì obìnrin náà tutù.

"Ara ọmọ mi ti ń yá," ó ní. "Ẹ ní kí n fún un, mo fún un. Mo tún ń kọrin fún un bó ṣe ń mu ún. Wàrà ṣì ń dà láyà mi, mi ò rẹ́ni fún."

"Àbúrò mi, dákun."

Láti kékeré, bọ̀dá mi ló ń pè é. Ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ dìde, Ojú-Mi-Tó," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí ò kórìíra ọmọ náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó mọ iṣẹ́, síbẹ̀ òun ló pa á. Ìfẹ́ kì í dípò àyẹ̀wò, ìmọ̀ kì í sì í dípò ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá ní kí o tún iṣẹ́ rẹ wò, má bínú, tún un wò. Tó bá wá jẹ́ ti ẹni tí o fẹ́ràn jù lọ, ìgbà yẹn gan-an ni kí o má kánjú. Ẹni tó bá ní ojú òun tó, òun náà ló máa fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣe.