Ihò Tábìlì Awọ́ra

Mákánjúọlá ló fi abẹ gé òwú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú òfì láyé ìgbà tí àwọn méjèèjì ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè. Ọ̀gá lé ọ̀rẹ́ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mákánjúọlá ní eku ló gé e. Ọ̀rẹ́ náà wá di awọ́ra tó ń fọwọ́ wọ́ ara ríro fún èèyàn, ó ṣí yàrá sí Ìsẹ́yìn, ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀yìn Mákánjúọlá yóò dùn ún.

Ọjọ́ náà pé. Mákánjúọlá dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó ki ojú bọ ihò tí káfíńtà gbẹ́ sí i. Awọ́ra bu òrí yíyọ́ sí i lẹ́yìn, ó sì fi gbogbo agbára tì í ní ìpàkọ́. Etí méjèèjì wọ ihò, wọn kò jáde mọ́.

“Orí mi há.”

Awọ́ra rápálá wọ abẹ́ tábìlì kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. “Ó yẹ kó há. Fìlà tó o gbàgbé níbi ìsọmọlórúkọ ilé Ràmọ́nì ni káfíńtà fi wọn ihò náà.”

“Fi òrí sí mi létí kí n yọ.”

“Ta ló gé òwú mi?”

“Eku ni.”

“Kí eku wá yọ ẹ́. Mò ń lọ kírun.”

Ó jáde. Mákánjúọlá dìde tòun ti tábìlì lọ́rùn, ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tábìlì kò gba ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń wo ojú tó yọ láàárín pákó.

“Padà wá,” ni ojú náà wí. “Èmi ni mo gé e. Aṣọ rẹ dára ju tèmi lọ.”